Bí a ṣe ń lẹ sítíkà orúkọ mọ́ ike ìlẹ̀kẹ̀ àti òwú tí kò fi ní ṣí

Ẹ kọ́kọ́ da gbogbo ẹrù sórí ẹní, kí ẹ ṣà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ìlẹ̀kẹ̀, bọ́tìnnì, síìpù, òwú, okùn ọ̀rá tí a fi ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Iye òkìtì tó bá wà nílẹ̀ ni iye ike tí ẹ ó wá. Ìlẹ̀kẹ̀ 6 mm kì í bá 8 mm gbé inú ike kan. Iyùn pàápàá ò gbọdọ̀ bá ìlẹ̀kẹ̀ onígíláàsì gbé, torí gíláàsì le jù ú lọ, á ha á.

Fún òwú, ike ọ̀dà onílítà 4 àlòkù, irú èyí tí wọ́n fi ń wọn gàrí lọ́jà Odò-Ogbè ní Ilé-Ifẹ̀, ti tó. Ike mayonéèsì tí ojú ń rí inú rẹ̀ ló yẹ ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ fọwọ́ pa ara ike kí ẹ tó mú un: bó bá rí ṣákiṣàki bí èèpo ọsàn, sítíkà ò ní mú un, ẹ fi sílẹ̀. Ike ọ̀dà tún fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, nítorí náà sítíkà tó bá gùn ju 10 cm á ká jọ lára rẹ̀.

Ẹ má ra ẹ̀rọ tí ń gé sítíkà nítorí ike mẹ́wàá. Ẹni tó ń gé sítíkà mọ́tò á gé e fún yín. Vinyl kan náà ni, ọ̀rá tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn. Ẹ ṣọ́ra o: nígbà tí wọ́n bá ń fi abẹ́rẹ́ ṣa àjẹkù kúrò láàárín lẹ́tà, àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ sábà máa ń bá a lọ, torí ó kéré, gọ́ọ̀mù ìdí rẹ̀ ò tó nǹkan. “Ìlẹ̀kẹ̀” á di “ìlèkè”. Ẹ ní kí gíga lẹ́tà má dín ní 2 cm, kí wọ́n sì fi ìlà kékeré tó so mọ́ ìdí lẹ́tà rọ́pò àmì náà.

Lílẹ̀ ẹ́ gan-an ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ọṣẹ nìkan kì í sábà mú òróró mayonéèsì kúrò tán. Ẹ fi ọṣẹ fọ ike, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá fi sípíríìtì àti aṣọ funfun nù ún. Kẹrosíìnì ń fi òróró sílẹ̀. Pẹtiróòlù àti tínà lè jẹ ike. Bí ẹ bá ti nù ún, ọwọ́ ò gbọdọ̀ kan ibẹ̀ mọ́. Lásìkò ọyẹ́, ẹ ti fèrèsé, kí ẹ pa fáànù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ eruku á ṣáájú sítíkà débẹ̀.

Ẹ so rọ́bà tí a fi ń di owó yí ike ká. Òun ni ìlà yín, kí ọ̀rọ̀ má baà wọ́. Ẹ lẹ téèpù bébà lé lẹ́tà lórí, ẹ fi káàdì ATM àtijọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ tó bó bébà ẹ̀yìn. Sẹ́lótéèpù ti le jù, yóò fa lẹ́tà padà. Bí òun nìkan bá wà nílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ lẹ́ẹ̀mejì kó lè rọ̀. Ẹ wá gbé e lé ara ike, kó bá rọ́bà yẹn dọ́gba; láti àárín ni kí ẹ ti máa tẹ̀ ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́. Tí ẹ bá ń bó téèpù, ẹ ká a sẹ́yìn lé ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ má fà á sókè. Lẹ́tà tó bá bá a gbéra, ẹ dá a padà, ẹ tún fi káàdì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ó di ọjọ́ kejì kí omi tó kàn án. Ara ike ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́, kì í ṣe ìdérí, torí àwọn ọmọ á pààrọ̀ ìdérí kí ọ̀sẹ̀ tó parí.