Alẹ́ Sátidé kan tí mo tún tò fún Màmá

Màmá mi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1972 títí di 1979, kí wọ́n tó padà sí Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n wá kí wa lọ́dún tó kọjá, wọ́n jókòó síwájú tẹlifíṣàn, wọ́n tẹ rìmóòtù títí ó fi sú wọn. Wọ́n ní, "Gbogbo èyí, kò sí ohun tí èèyàn lè wò. Ìkànnì mẹ́ta péré la ní láyé tiwa, oorun kì í sì kùn wá."

Mo ní kí wọ́n fún mi láyè díẹ̀. Mo máa tún alẹ́ Sátidé kan tò fún wọn, ti BBC ayé ìgbà náà, láti ìrọ̀lẹ́ títí di ìgbà tí wọ́n á tì í. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní BBC Genome, ni mo kọ́kọ́ lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n kó ètò inú ìwé Radio Times sí, láti 1923 títí di 2009. Wàá mú ọjọ́ tó wù ọ́, wàá sì rí ohun tí wọ́n ṣe ní aago kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé iṣẹ́ ti bùṣe. Àṣé orúkọ lásán ni mo rí, ètò púpọ̀ fúnra wọn ti pòórá. Téèpù fídíò wọ́n nígbà náà, àdéhùn wọn pẹ̀lú àwọn òṣèré kò sì jẹ́ kí wọ́n máa tún ètò gbé jáde bó ṣe wù wọ́n. Nítorí náà, wọ́n á pa ohun tó wà lórí téèpù rẹ́, wọ́n á tún fi gba òmíràn. Mi ò rí Sátidé kan tó pé. Ni mo bá dà bí aránṣọ tí aṣọ ò tó lọ́wọ́ rẹ̀, mo ń gé lára ọdún yìí lẹ̀ mọ́ tọ̀hún. DVD ni mo fi rí èyí tó pọ̀ jù, ìyókù wà lórí YouTube.

Èsì bọ́ọ̀lù ni mo fi ṣí i. Láti 1958 tí Grandstand, ètò eré ìdárayá BBC, bẹ̀rẹ̀, Len Martin ló máa ń ka èsì náà títí tó fi kú ní 1995. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá ló yẹ kó gbádùn ọkùnrin yìí jù. Bó bá ti pe orúkọ ẹgbẹ́ kejì, kó tó dé orí góòlù, ohùn rẹ̀ ti tú àṣírí: ohùn òkè, wọ́n borí, ohùn ìsàlẹ̀, wọ́n pàdánù, bó bá dọ́gba, ọ̀mì ni. Màmá ní bàbá mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wúkọ́ lásìkò yẹn, nítorí tẹ́tẹ́ púùlù. Èsì bọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni àwọn ará ilé ní Ìbàdàn ń fi ta tiwọn.

Lẹ́yìn èyí, Doctor Who, eré BBC kan nípa ẹni tó ń rìnrìn-àjò láti ìgbà kan sí òmíràn. Ní Oṣù Kẹwàá 2013, wọ́n kéde pé Philip Morris, tó máa ń wá fíìmù tẹlifíṣàn tó sọnù káàkiri ayé, ti rí apá 9 tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ́. Níbo ló ti rí wọn? Ní Jos, ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn kan. BBC máa ń ta ẹ̀dà fíìmù sí òkè òkun, ibẹ̀ ni èyí gbé jókòó láti bí ogójì ọdún. Mo mú The Web of Fear, ti 1968, lára wọn. Màmá kò tilẹ̀ wo eré náà dáadáa. "Jos?" ni wọ́n ń wí ṣáá. "Jos wa yìí?"

Mo ti yọ àwọ̀ kúrò nínú tẹlifíṣàn, torí dúdú-òun-funfun ni ti ilé tí wọ́n gbé. Láísẹ́ǹsì tí èèyàn gbọ́dọ̀ sanwó fún kó tó lè wo tẹlifíṣàn níbẹ̀, ti dúdú-òun-funfun ló dínwó. Nígbà tí Bruce Forsyth dé pẹ̀lú ètò ìdíje rẹ̀, The Generation Game, tí àwọn ẹ̀bùn bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá níwájú ẹni tó fẹ́ há wọn sórí, Màmá ní, "Jọ̀ọ́, dá àwọ̀ padà. Mo ti jẹ ìyà yẹn lẹ́ẹ̀kan." Mo dá a padà.

Ètò kan wà tí mo mọ̀ọ́mọ̀ fò. Láti 1958 títí di 1978, The Black and White Minstrel Show wà lórí BBC: àwọn òyìnbó á kun ojú ní dúdú, wọ́n á máa kọrin, wọ́n á máa jó. Ní 1967, ẹgbẹ́ kan tó ń gbógun ti ẹlẹ́yàmẹ̀yà kọ̀wé pé kí wọ́n gbé e kúrò. Ọdún 11 ló tún lò lẹ́yìn náà. Mo rí orúkọ rẹ̀ lórí Genome, mo kọjá lọ. Ṣùgbọ́n mo ti tẹ ètò alẹ́ wa sórí ìwé, bíi ti Radio Times, mo sì ti fi lé Màmá lọ́wọ́. Wọ́n kà á tán, wọ́n yọ awò ojú.

"Àwọn tó ń kun ojú dà?"

Mo ní mo rò pé wọn ò ní fẹ́ rí wọn.

"Mi ò fẹ́ rí wọn nígbà yẹn náà. Ìgbà yẹn ni mo máa ń lọ se omi tíì. Àwọn tá a jọ ń gbé á máa rẹ́rìn-ín, èmi á dúró ti kẹ́tùlù títí á fi hó. Kọ ọ́ síbẹ̀."

Mo fi bírò kọ ọ́ sí aago 8. Nígbà tí aago 8 lù, a pa tẹlifíṣàn, gbogbo wa bọ́ sí kíṣìnì, a sì dúró ti kẹ́tùlù.

The Two Ronnies, ètò apanilẹ́rìn-ín, ló tẹ̀ lé e, eré 1976 níbi tí oníbàárà ti ń béèrè èèkù fọ́ọ̀kì (fork handles), tí ọlọ́jà ń gbé àbẹ́là mẹ́rin (four candles) fún un, torí Gẹ̀ẹ́sì méjèèjì dún bákan náà lẹ́nu oníbàárà náà. Ẹni tó ti rí àjèjì tó fẹ́ ra ọkọ́, tó ń sọ pé ọkọ lòun fẹ́ rà, kò nílò àlàyé.

Mo fẹ́ fi Match of the Day, ètò bọ́ọ̀lù alẹ́ Sátidé, sí i, ṣùgbọ́n Màmá ní rárá, àti pé ìgbà kan wà tí aago 10 ààbọ̀ ni gbogbo nǹkan ń parí. Òótọ́ ni. Ní Oṣù Kejìlá 1973, èédú àti epo wọ́n, ìjọba ní kí tẹlifíṣàn máa tètè tì. "Mo ní ṣé NEPA ti tẹ̀ lé mi dé ibí ni."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe fò dé ìparí: orin ọba wọn, ojú tẹlifíṣàn ṣú, fèrè kan wá ń dún láìdáwọ́ dúró láti jí ẹni tó bá ti sùn lọ. Màmá dìde kánkán, wọ́n lọ sí ara ògiri, wọ́n fa wáyà tu bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà náà. Wáyà íntánẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Láti òkè, àwọn ọmọ mi pariwo.