Bíárìn ni àbí táyà? Bí ẹ ṣe máa mọ èyí tó ń dún

Adó-Èkìtì ni mo ti ń tún ọkọ̀ ṣe, ohun tí oníbàárà sì sábà máa ń sọ kó tó bọ́ sílẹ̀ ni pé, "Ọ̀gá, ẹ bá mi pààrọ̀ bíárìn, ó ń dún." Ẹ ní sùúrù ná. Bíárìn ni irin inú ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó ń jẹ́ kó yí geere. Bíárìn tó ti jẹ àti táyà tí ojú rẹ̀ ò dọ́gba, "hùùù" kan náà ni wọ́n jọ ń kùn, bí eré bá sì ṣe ń le sí i ni ariwo wọn ń lọ sókè. Tòkunbọ̀ ni táyà tó wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ yín, torí náà ẹ má tíì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta páàtì ọkọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ yọ ẹ́ńjìnnì kúrò nínú ẹjọ́. Níbi tó tẹ́jú tí kò sí ọkọ̀ lẹ́yìn, ẹ sá a dé nǹkan bí kìlómítà 70 ní wákàtí kan, kí ẹ wá ti gíà sí nútírà. Ẹ má pa ẹ́ńjìnnì o, sítíárìn á le, búréèkì náà á le. Bí ariwo ò bá dákẹ́, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló ti ń wá.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́tí sílẹ̀ bí ẹ bá ti orí ọ̀dà tó dán bọ́ sórí èyí tó rí ṣákaṣàka. Ohùn táyà máa ń yí padà níbẹ̀. Ti bíárìn kì í sábà yí.

Kọ́nà ló máa ń tú àṣírí bíárìn. Ọ̀nà tó gba Arámọko lọ sí Ẹ̀fọ̀n dára fún un, ẹ ṣáà má sáré. Bí ẹ bá ń ya sí òsì, apá ọ̀tún ni ẹrù ọkọ̀ ń tẹ̀ sí. Tí ariwo bá lọ sókè níbẹ̀, tó rọlẹ̀ nígbà tí ẹ ya sí ọ̀tún, bíárìn ọ̀tún ni kí ẹ fura sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń yí èyí po, wọ́n á wá tú ẹsẹ̀ tí kò ṣe nǹkan kan.

Ìyá kan ń fi Sienna kó iṣu wá sí Ọjà Ọba. Wọ́n ti pààrọ̀ bíárìn iwájú méjèèjì fún wọn níbòmíì, ariwo ò lọ. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà ẹ̀yìn lọ síwájú, ó dán; mo rà á padà, ó gún mi lọ́wọ́ bí eyín ayùn. (Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wáyà ti yọ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.) A gbé táyà ẹ̀yìn wá síwájú, ariwo bá wọn wá síwájú. Ṣọ́kì ẹ̀yìn, èyí tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa fò sókè-sódò, ti kú pátápátá. Ká ní táyà nìkan la rà, ṣọ́kì yẹn á tún jẹ tuntun náà.

Tó bá wá jọ bíárìn, ẹ gbé e sórí jáàkì. Òkè pọ̀ ní Èkìtì, ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fi òkúta há àwọn ẹsẹ̀ tó kù, kí ẹ sì ti táyà sípíà sábẹ́ ọkọ̀. Ẹ di ẹsẹ̀ náà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì í. Bó bá ń ta, ìyẹn ni pé ó ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, kí ẹnì kan tẹ búréèkì: tí kò bá ta mọ́, bíárìn ni, bó bá ṣì ń ta, ẹ wo bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, oríkèé tó so ẹsẹ̀ mọ́ apá abẹ́ ọkọ̀. Ẹsẹ̀ tó ń ta kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé lọ sí Ìbàdàn.

Àmọ́ bíárìn lè máa kùn kó má tíì ta rárá. Ẹ gbé ọwọ́ lé sípíríǹgì tó wà lókè ẹsẹ̀ náà, kí ẹlòmíì fọwọ́ yí ẹsẹ̀ náà. Bíárìn tó jẹ á máa gbọ̀n rìrì dé ọwọ́ yín. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ẹ tú hándìbúréèkì kó lè yí.

Tó bá di pípààrọ̀, bíárìn iwájú Corolla tó pọ̀ nígboro, ẹ̀rọ ìtẹ̀ ni wọ́n fi ń tì í wọlé. Èyí tí wọ́n bá fi òòlù gbá wọlé kì í pẹ́ tó fi ń kùn. Bí ẹ bá ti rí mẹkáníìkì tó gbé òòlù, ẹ gba bíárìn yín lọ́wọ́ rẹ̀.