Kẹ́ ẹ tó tẹ "No" sí ìbéèrè encryption lórí App Store

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ áàpù n'Íjẹ̀bú-Òde, Ṣágámù títí dé Àgọ́-Ìwòyè, ẹ gbọ́ o. Ká ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan ló ní kẹ́ ẹ ṣe áàpù tí wọ́n á fi máa dáwó Ojúde Ọba, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì wà ní London àti Houston. Orí sáfà Apple l'Amẹ́ríkà ni áàpù yẹn ń lọ, ibẹ̀ ló ti ń jáde lọ síbòmíì, òfin EAR (òfin Amẹ́ríkà lórí ohun tó ń jáde kúrò nílẹ̀ wọn), tí BIS, ẹ̀ka iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ń mójú tó, ti kàn yín nìyẹn, bẹ́ ẹ ò tiẹ̀ kúrò n'Íjẹ̀bú rí.

Ṣíṣí àkáǹtì àti gbígbé áàpù sókè, ẹ mọ̀ ọ́n. Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ ni ìbéèrè tí App Store máa ń bi yín torí òfin yẹn, pé ṣé áàpù yín ń lo encryption, ìyẹn ọgbọ́n tí wọ́n fi ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ kí ẹlòmíì má lè kà á. Àwọn kan á fi í sílẹ̀ láìdáhùn, TestFlight, ibi tí Apple ní ká ti máa dán áàpù wò, á wá kọ "Missing Compliance", kò ní sẹ́ni tó máa rí i dánwò. Àwọn tó pọ̀ jù á kàn tẹ No torí pé àwọn ò fọwọ́ ara wọn kọ encryption kankan. Kò rí bẹ́ẹ̀ o! HTTPS tó ń gbé ọ̀rọ̀ owó lọ sáfà, encryption ni. SQLCipher tẹ́ ẹ gbà lọ́fẹ̀ẹ́ láti fi ti dátà áàpù pa, AES ló gbé wá, irú encryption kan tí gbogbo ayé ń lò.

Nítorí náà, ẹ mú bébà, ẹ kọ gbogbo encryption inú áàpù sílẹ̀, títí kan ti láíbìrì (kóòdù tí ẹlòmíì ti kọ tẹ́ ẹ kàn mú lò): kí ló ń ṣe, ṣé ti fóònù ni àbí ẹ̀yin lẹ gbé e wá. Ẹ má fi orí ṣe é.

Tó bá jẹ́ ti fóònù nìkan, ẹ fi ITSAppUsesNonExemptEncryption sí NO nínú Info.plist, fáìlì ètò áàpù yín (NO yìí ò sọ pé kò sí encryption, ó ní èyí tó wà níbẹ̀ ò nílò ìwé ni), wọn ò ní máa bi yín mọ́ ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé ẹ̀dà tuntun wá. Tẹ́ ẹ bá fi láíbìrì encryption bíi SQLCipher tàbí libsodium kún un, ẹ dáhùn Yes. Faransé máa ń béèrè ìwé tiwọn fún irú èyí, tí kò bá sí ọmọ ẹgbẹ́ kankan ní Paris, ẹ yọ Faransé kúrò nínú àwọn ibi tẹ́ ẹ ti ń tà á, ó yá ju wàhálà ìwé lọ. Encryption tẹ́ ẹ dá sílẹ̀ fúnra yín ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò, Apple á ní kẹ́ ẹ mú ìwé BIS wá, irú encryption àdáṣe bẹ́ẹ̀ kì í sì pẹ́ tí wọ́n fi ń já a. AES ti tó.

Áàpù tó bá bọ́ sábẹ́ License Exception ENC (àyè tí EAR fi sílẹ̀ fún encryption láìgba láísẹ́ǹsì) lè ní ìròyìn ọdọọdún tó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ BIS àti NSA, àjọ ààbò Amẹ́ríkà, kí February 1 tó kọjá. Ní 2021 wọ́n ti yọ ọ̀pọ̀ áàpù táwọn ará ìlú ń lò kúrò nínú àwọn tó gbọ́dọ̀ kọ ìròyìn yìí, ẹ ka abala 740.17 nínú EAR kẹ́ ẹ tó ṣe wàhálà. Fáìlì CSV (tábìlì lásán) ni wọ́n ń gbà, kì í ṣe PDF, LibreOffice ọ̀fẹ́ máa ṣe é.

Tẹ́ ẹ bá ní ti wẹ́ẹ̀bù lórí cloud náà, ẹ ti Iran, Kúbà àti North Korea mọ́ta, torí Amẹ́ríkà ti fòfin dè wọ́n; Cloudflare, iṣẹ́ tó ń ṣọ́ wẹ́ẹ̀bù, lè ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ gan-an. Bébà yẹn, ẹ má sọ ọ́ nù, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fi láíbìrì tuntun kún áàpù, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó gbé e sókè.