Ẹ̀yin Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó Ní Caravan Nílùú Ọba, Ẹ Tú Omi Inú Rẹ̀ Sílẹ̀ Kí Òtútù Tó Dé

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ọyẹ́ ìbáà mú débi tí ètè ń sán, tí àwọn àgbà ń yáná láàárọ̀, omi inú táńkì kì í dì. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó dàgbà sí Ìsàlẹ̀ Àfọ́n tàbí Ọjà Igbó fi lè pẹ́ nílùú Ọba kó má ronú kàn án pé òtútù lè fa páìpù ya. Mo gbé níbẹ̀ kí n tó padà sílé, àwọn àbúrò sì máa ń pè mí lórí ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá àwọn tó ra caravan, ilé kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, kí wọ́n lè máa kó àwọn ọmọ lọ ṣe fàájì lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn.

Tí omi bá dì, ó máa ń wú, ó sì ń fi bíi 9% tóbi sí i. Ẹ wo ìgò omi tí a kún dé ẹnu, tí a dé pa, tí a gbàgbé sínú fíríìsà: ìdí rẹ̀ á wú, ó sì lè là. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe páìpù, pọ́ǹpù àti hítà tó ń mú omi gbóná. Èyí tó dunni jù ni pé a kì í mọ̀ lọ́jọ́ tó là. Ìgbà tí ooru bá dé, tí a gbé omi sí i, la tó máa rí i pé omi ń jò sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí pákó ilẹ̀ sì ń rà.

Ẹ kọ́kọ́ pa pọ́ǹpù àti hítà, ti iná àti ti gáàsì, kẹ́ ẹ jẹ́ kí omi inú hítà tutù dáadáa, torí ó lè bó yín lára. Ẹ yọ páìpù kúrò lára àgbá omi tó wà níta, kẹ́ ẹ dà á nù. Bí táńkì bá wà nínú, ẹ tú òun náà. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí fáàfù tí omi hítà ń gbà jáde. Ó sábà máa ń wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí àga, ìwé tó bá caravan wá á fi ibẹ̀ hàn yín.

Ibi ẹnu ẹ̀rọ omi ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kù díẹ̀ káàtó. Bí afẹ́fẹ́ ò bá ráyè wọ páìpù, omi ò ní ráyè jáde. Ẹ ṣí gbogbo wọn. Èyí tó ní ọwọ́ kan ṣoṣo, ẹ gbé ọwọ́ náà sókè, kẹ́ ẹ fi sí àárín gbùngbùn, kí ti gbígbóná àti ti tútù lè ṣí pọ̀. Ẹ já ṣáwà kúrò níbi tí wọ́n fi kọ́, ẹ tẹ́ orí rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbọn páìpù rẹ̀ dáadáa. Ẹ ó rí i pé omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ fi gbogbo wọn sílẹ̀ ní ṣíṣí títí òtútù á fi lọ.

Ẹ fa búréèkì ọwọ́, ẹ ká ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó gbé caravan dúró, kẹ́ ẹ wá fi táyà kékeré iwájú gbé imú rẹ̀ sókè, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Omi tó dúró sínú kọ̀rọ̀ páìpù á jáde. Ẹ gbọn pọ́ǹpù tó ṣeé yọ, ẹ gbé e wọlé, ẹ sì yọ asẹ́ omi. Omi tí wọ́n fi ń ṣan ilé ìgbẹ́ náà gbọ́dọ̀ jáde.

Àwọn hítà kan ní fáàfù tó ń ṣí fúnra rẹ̀ bí òtútù bá ti súnmọ́ 3°C. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e: omi hítà ló ń tú, omi inú pọ́ǹpù àti ṣáwà ṣì lè wà níbẹ̀.

Ẹ má da omi ọṣẹ sí gọ́tà ojú títì, torí odò ni ọ̀pọ̀ wọn ń ṣàn sí níbẹ̀. Ẹ lọ dà á síbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní ibùdó caravan. Ti ilé ìgbẹ́ ní ibi tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó padà, ẹ pa fáàfù dé, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án. Ẹ má tan hítà títí omi á fi máa dà geere lẹ́nu ẹ̀rọ omi gbígbóná láìsí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀. Hítà tí wọ́n tàn láìsí omi lè jóná.