Bí mo ṣe kọ́ ìbòrí tẹ́ṣàn rélùwéè fún Ògbómọ̀ṣọ́ tí rélùwéè ò dé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn rélùwéè ilẹ̀ wa, ẹ mọ̀ pé kò kàn wá. 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin yẹn láti Èkó, ó dé Ìbàdàn ní 1901, ìgbà tó máa kúrò ní Ìbàdàn ló yà sí Òṣogbo, ó gba Ọ̀fà, ó wọ Ìlọrin, Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ wá dẹni tí wọ́n fò. Èmi ní kò burú, èyí tí wọn ò kọ́ sílẹ̀ màá kọ́ ọ sórí tábìlì. Ọkọ̀ ojú irin kékeré ni mò ń kó jọ, mo ti ní ojú irin, mo ti ní ẹ́ńjìnnì kan àti kóòṣì mẹ́ta, pèpéle tí èrò ń dúró sí ti wà, ohun tó kù ni ìbòrí tó máa wà lórí pèpéle yẹn kí oòrùn má baà pa àwọn èrò mi. Ìbòrí yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ níbí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà nílùú Òyìnbó ló fi kíìtì ẹ̀ ránṣẹ́. Ike ni gbogbo ẹ̀, wọ́n so àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀ mọ́ férémù pẹlẹbẹ, ìwọ náà lo máa gé wọn tó o máa lẹ̀ wọ́n pọ̀. Òpó wà níbẹ̀, apá tó yọ lára òpó láti gbé òrùlé wà níbẹ̀, igi àjà, pákó etí òrùlé tí wọ́n gbẹ́ eyín ṣóńṣó ṣóńṣó sí nísàlẹ̀, àti ike tó mọ́ gaara tí wọ́n ní ká fi ṣe gíláàsì orí. Ìwọ̀n OO ni, ìyẹn ni pé ẹsẹ̀ bàtà kan ní gidi, mílímítà mẹ́rin ni lórí tábìlì, ìdá kan nínú 76. Kí ẹnì kan má wá bá mi jà o, mo mọ̀ pé OO ò bá irin tiwa mu. Àyè àárín irin méjèèjì ní rélùwéè wa àtijọ́ jẹ́ mílímítà 1,067, tẹ́ ẹ bá pín in sí 76 ẹ máa rí 14, ti OO sì jẹ́ 16.5. Àwọn tó le nínú eré yìí máa ń lo ìdá kan nínú 64, torí níbẹ̀ 16.5 yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 1,067 mu rẹ́gí. Ṣùgbọ́n èmi ò lówó ìyẹn, OO ni nǹkan ẹ̀ pọ̀ lọ́jà, ojú tó bá rí mílímítà méjì lé díẹ̀ yẹn kó máa rí i lọ.

Ohun àkọ́kọ́ tó ta kókó ni gọ́ọ̀mù. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yìí lọ́hùn-ún kì í ṣe ohun tó kàn ń lẹ̀, ńṣe ló ń yọ́ ojú ike méjèèjì kí wọ́n wọnú ara wọn, tó bá ti gbẹ ó ti di ẹyọ kan náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń gbiná ni, wọn kì í gbà á nínú páálí tó ń bá bàálù wá. Mo wá ronú pé ike tí wọ́n fi ṣe é ni polystyrene, tíńnà àwọn tó ń kun mọ́tò sì máa ń yọ́ ọ. Mo lọ bá ẹni tó ń fín ọ̀dà sí mọ́tò lápá Sábó, ó bù díẹ̀ fún mi sínú ìgò oògùn ikọ́. Tíńnà ọ̀dà mọ́tò ni kẹ́ ẹ béèrè o, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń po ọ̀dà ilẹ̀kùn, ìyẹn dà bíi kẹrosín, kò ní ṣe nǹkan kan fún ike. Ẹ fi kan férémù tẹ́ ẹ máa jù nù wò ná: tí ojú ẹ̀ bá rọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ ìka, òun gan-an nìyẹn. Ẹ ṣí wíńdò sílẹ̀, ẹ má sì jókòó sí tòsí sítóòfù tàbí àbẹ́là, òórùn ẹ̀ kì í ṣeré.

Gígé ò le. Nélì kọ́tà tá a fi ń gé èékánná ni mo lò, mo máa ń gé e jìnnà díẹ̀ sára ẹ̀yà yẹn, màá wá fi bíléèdì gé èyí tó ṣẹ́kù, màá fi fáìlì èékánná yún un kó dán. Ẹni tó bá gé e mọ́ ara ní ẹ̀ẹ̀kan, ike yẹn máa ya wọnú.

Títò ló gba ọgbọ́n. Ìwé inú páálí ní ká to òpó sórí pèpéle ká tó gbé òrùlé lé e, èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀, torí tí òpó kan bá ga ju èkejì lọ báyìí, òrùlé á dagun, ojú á sì rí i láti ẹnu ọ̀nà. Gíláàsì lúfà àtijọ́ kan wà lẹ́yìnkùlé wa, mo fọ̀ ọ́, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, kò sí ohun tó tẹ́jú tó o, tíńnà ò sì lè jẹ ẹ́. Mo dojú igi àjà dé sórí gíláàsì yẹn, mo to gbogbo ẹ̀ ní ìdojúdé, mo wá ń fi òpó kọ́ ọ lókè, ìdí òpó ń wo òkè, orí ẹ̀ ń wo ilẹ̀. Bàbá kápíńtà àdúgbò wa wọlé wá bá mi lẹ́nu ẹ̀ nígbà tí mo ránṣẹ́ lọ yá súkúà ẹ̀, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ilé wo ni òrùlé ẹ̀ ń wà nísàlẹ̀?" Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ fara balẹ̀, ó máa tó yí padà." Àwọn náà ló wá fi súkúà wo òpó kọ̀ọ̀kan fún mi, wọ́n ní kí n wò ó láti ẹ̀gbẹ́ méjì kì í ṣe ẹyọ kan, òpó lè nàró tẹ́ ẹ bá wò ó níwájú kó sì ti fì sẹ́yìn.

Fífi tíńnà lẹ̀ ẹ́ ńkọ́? Ẹ má fi kun ojú ike kẹ́ ẹ tó pa wọ́n pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ pa wọ́n pọ̀ ní gbígbẹ, ẹ dì í mú, kẹ́ ẹ wá ki búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín bọ tíńnà kẹ́ ẹ kan fi kan ojú ìpàdé yẹn, ó máa sáré wọlé fúnra ẹ̀. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ wa báyìí ó máa ń fẹ́ lọ kí búrọ́ọ̀ṣì tó dé ibẹ̀, torí ẹ̀ àárọ̀ kùtù ni mò ń ṣe é, ìgbà yẹn náà ni ìmọ́lẹ̀ dáa jù, mi ò dúró de iná mànàmáná ẹnikẹ́ni. Níbi tí àyè bá ṣí sílẹ̀ díẹ̀, mo ti rẹ ègé férémù sínú tíńnà díẹ̀ títí ó fi di ẹ̀kọ, ìyẹn ni mo fi ń dí i.

Ó wá ku òrùlé, ibi tí mo ti yà kúrò nínú kíìtì pátápátá. Àwọn Òyìnbó fi gíláàsì sórí ìbòrí tẹ́ṣàn wọn torí ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń wá, oòrùn ò pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ gbé gíláàsì sórí èrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ lóṣù kẹta kẹ́ ẹ wò ó, yíyan ni wọ́n máa yan. Páànù ló yẹ ibẹ̀, páànù oníkókó àtijọ́ tó ti dípẹtà, irú èyí tẹ́ ẹ máa rí tẹ́ ẹ bá dúró sórí òkè èyíkéyìí nílùú yìí. Mo wá ṣírò ẹ̀. Láti góńgó kan sí èkejì lára páànù gidi, íǹṣì mẹ́ta ni, ìyẹn mílímítà 76, tẹ́ ẹ bá sì pín in sí 76, mílímítà kan géérégé! Inú mi dùn débi pé mo pariwo. Kí ló wá ní góńgó mílímítà kan? Bóòtù tí wọ́n ń fi sípánà tẹ́ẹ̀nì tú lára ọ̀kadà. Mílímítà mẹ́fà ni sísanra ẹ̀, okùn ara ẹ̀ sì jìnnà síra ní mílímítà kan. Mo lọ bá mẹkáníìkì kan nítòsí Tákié, mo ní kó fún mi ní èyí tó gùn jù tí okùn ẹ̀ dé ìdí. Ó wo ẹ̀yìn mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kadà tẹ́ ẹ fẹ́ fi dè dà?"

Fọ́ìlì tí wọ́n ń di ráìsì sí lóde àríyá ni mo fi ṣe páànù, ìdí abọ́ yẹn, torí fọ́ìlì tí wọ́n ń ká ti fẹ́lẹ́ jù, ó máa ya. Mo fọ̀ ọ́ kí òróró kúrò, mo tẹ́ ẹ sórí àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì rọ́bà tó ti gbó, mo wá fi bóòtù yẹn yí lórí ẹ̀ pẹ̀lú agbára, ẹ̀ẹ̀kan lọ, kò sí pé mò ń lọ mò ń bọ̀. Páànù ni ó jáde. Ohun kan tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé okùn bóòtù ń yí gòkè ni, kò dúró gbọọrọ, nítorí ẹ̀ ilà tó máa fà máa tẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ gé fọ́ìlì tóbi ju bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ lọ, tẹ́ ẹ bá ti yí i tán kẹ́ ẹ wá fi rúlà tẹ̀ lé ilà yẹn gé e. Páànù kọ̀ọ̀kan, mo gé e ní mílímítà mẹ́jọ ní fífẹ̀ àti 32 ní gígùn, ìyẹn máa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ní gidi.

Ẹ má tíì lẹ̀ ẹ́ o. Mo tò wọ́n sórí páálí, mo gbé wọn padà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó fún mi ní tíńnà, ó ń fín púráímà eérú sí bọ́ńpà mọ́tò kan, ó fín tèmi náà mọ́ ọn, kò gbowó. Tó bá jẹ́ pé a ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ike ni, tíńnà inú púráímà yẹn máa jẹ ike lábẹ́. Ìgbà tó gbẹ ni mo fi téèpù olójú méjì tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Under G fi ń lẹ ojú fóònù, lẹ̀ wọ́n sórí igi àjà. Ìsàlẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lọ sókè, kí tòkè gun tìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan sì gun èkejì ní góńgó kan. Òjò ò ní rọ̀ sórí tábìlì mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n bàbá kápíńtà máa padà wá wò ó.

Pákó etí òrùlé tó ní eyín yẹn, ọkàn mi pín sí méjì lórí ẹ̀. Ó ti jẹ́ ti Òyìnbó jù, àmọ́ ó rẹwà, ó sì níṣẹ́ tó ń ṣe, ó ń dí òjò tí afẹ́fẹ́ ń gbé wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Mo fi sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí irin, mo yọ ti ẹ̀yìn. Ẹni tó bá rí ilé àwọn ará Bùràsíìlì l'Ékòó mọ̀ pé ọwọ́ wa náà ò ṣàì mọ irú pákó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dà ò gba wàhálà. Ọ̀dà olómi ni mo fi kun òpó, àwọ̀ ewé, orí ẹ̀ funfun bí ìpara. Páànù ni mo wá fi ilẹ̀ wa kùn: mo bu iyẹ̀pẹ̀ pupa lẹ́yìn ilé, mo fi gèlè àtijọ́ jọ̀ ọ́ títí ó fi kúnná, mo po Top Bond, gọ́ọ̀mù àwọn kápíńtà, díẹ̀ mọ́ omi púpọ̀, mo fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ sínú kòtò páànù, mo wá fọ́n iyẹ̀pẹ̀ yẹn lé e lórí. Mo fi èyí tó pọ̀ jù sí ibi tí páànù ti gun ara wọn, torí ibẹ̀ ni omi máa ń dúró sí, ibẹ̀ ni ìpẹtà máa ń kọ́kọ́ jẹ. Kò sí ọ̀dà tí mo lè rà tó máa rí báyìí.

Kí n tó gbé e sórí pèpéle, mo fi ọwọ́ ti kóòṣì tó gùn jù kọjá, ní pàtàkì níbi tí irin ti tẹ̀, torí níbẹ̀ orí àti ìdí kóòṣì máa ń yọ síta. Etí òrùlé yẹ kó fà sẹ́yìn díẹ̀ sí etí pèpéle, tí kóòṣì bá lè kọjá láìkàn án, ó tán. Mi ò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Mo fi iná àbẹ́là mú pínnì gbóná, mo tì í bọ ìdí òpó kọ̀ọ̀kan (ìgò tíńnà ti wà ní yàrá kejì), mo gé orí pínnì dànù, mo lu ihò sí pèpéle, ó kàn ń wọ ibẹ̀ ni. Ọyẹ́ máa dé, eruku máa kún abẹ́ ẹ̀, mo fẹ́ kó ṣeé gbé kúrò gbá.

Ike gaara inú páálí ṣì wà lọ́wọ́ mi. Wíńdò ọ́fíìsì tíkẹ́ẹ̀tì ni mo máa fi ṣe, Top Bond ni mo sì máa fi lẹ̀ ẹ́, torí súpà gúlù máa ń jẹ́ kí irú ike bẹ́ẹ̀ funfun bí ìgbà tí èèyàn mí sí dígí.