Ẹ yé fi Excel yẹ nọ́mbà gbọọrọ wò

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ohun tí prime jẹ́ (nọ́mbà tó ju 1 lọ, tí odindi nọ́mbà kankan kò pín geere àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀), tí ẹ sì ń sun epo jẹnẹrétọ̀ mọ́jú nítorí nọ́mbà kan ṣoṣo, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ó ti sú mi.

1. Bí ẹ bá ń fi 2, 3, 5 lọ bẹ́ẹ̀ pín nọ́mbà láti mọ̀ bóyá prime ni, ẹ má pín in títí dé ọ̀dọ̀ òun fúnra rẹ̀. Ibi tí ẹ bá ti kan èyí tó jẹ́ pé bí ẹ bá fi lọ́po ara rẹ̀, ó ju nọ́mbà yín lọ, iṣẹ́ parí. Fún 761838257287, ẹ kò ní dé 873,000.

2. Kí 1, 3, 7 tàbí 9 gbẹ̀yìn nọ́mbà kò sọ ọ́ di prime. 7 lọ́nà 13 ni 91.

3. Excel. Ẹ gbà mí o! Ẹyọ òǹkà 15 àkọ́kọ́ nìkan ló ń mú dání. Òdo ló ń fi dípò ìyókù, kò sì ní pariwo. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, ìṣirò owó ni wọ́n ṣe é fún. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan gbé 147573952589676412927 wá bá mi, ìyẹn 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2 títí tí 2 náà fi pé 67, tí a wá yọ 1 kúrò. “Ẹ̀gbọ́n, 3 pín in, 5 pín in, 10 náà pín in.” Mo ní 10 báwo, nígbà tí 7 ló gbẹ̀yìn? Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀: 147573952589676000000. Àṣé òdo mẹ́fà ló ti ń bá jà! Ẹ ro ẹyọ òǹkà ti gidi pọ̀, 109 ni, 3 kò lè pín in. Ẹ ro ti inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ pọ̀, 84 ni, 3 pín in geere. Bẹ́ẹ̀ ó ti kọ odindi orí kan lé e lórí, ó ti sanwó títẹ̀ àti dídì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi JavaScript, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ṣiṣẹ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ tẹ 9007199254740993 sí i bí ẹ ṣe ń tẹ nọ́mbà lásán. 9007199254740992 ló máa dá padà fún yín. Python, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, kò gba kọ́bọ̀, ì báà jẹ́ nọ́mbà tó gùn bí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, yóò gbé e. Ṣùgbọ́n // (èyí tó ń dá odindi nọ́mbà padà) ni kí ẹ fi pín o, kì í ṣe /.

Ẹni tó ń fi ìdánwò Fermat, ọ̀nà kúkúrú kan tí a fi ń yẹ prime wò, nìkan búra, kó lọ wo 561. Ó yege níbẹ̀ bí ẹni pé prime ni, bẹ́ẹ̀ 3 lọ́nà 11 lọ́nà 17 ni.

Èmi tí wọ́n ń pè ní wèrè nílé nítorí pé mo ń yẹ nọ́mbà ọkọ̀ wò nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, n kì í sanwó fún app tó ń ṣe èyí. Àwọn tó ń ra á tún ń bínú pé ó ní nọ́mbà àwọn kì í ṣe prime, kò sì dárúkọ ohun tó pín in. Iṣẹ́ méjì nìyẹn: ká mọ̀ pé kì í ṣe prime, àti ká wá ohun tó pín in! Nọ́mbà akẹ́kọ̀ọ́ yẹn gan-an, Mersenne, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, kà á mọ́ prime ní 1644. Ní 1876, Lucas, onímọ̀ ìṣirò mìíràn, fi hàn pé kì í ṣe prime, kò sì mọ ohun kan tó pín in. Ó di 1903 kí Cole, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, tó kọ ọ́ sójú pátákó ní New York: 193707721 lọ́nà 761838257287. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tó ń tà á: èwo nínú méjèèjì ni tirẹ̀ ń ṣe?