Bí A Ṣe Lè Ka Ìwé Àwòrán Kérésìmesì Tí Kò Ní Ọ̀rọ̀ Pẹ̀lú Àwọn Ọmọdé

Ìwé àwòrán tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan máa ń ni àgbàlagbà lára ju ọmọdé lọ. Bí ọmọdé bá ti ṣí i, ó ti rí ẹni tí ń sáré, ó ti rí ajá tí ó sá pamọ́ sábẹ́ tábìlì, ó ti rí ìràwọ̀ tí ó wà lókè ilé. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ti mọ́ lẹ́tà yóò máa wá ibi tí òun yóò ti bẹ̀rẹ̀, bí kò bá sì rí i, yóò yára ṣí ìwé náà tán, yóò sì pa á dé. Ohun tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ lọ́wọ́ wa ni pé kí a fi ìtàn náà sílẹ̀ fún ọmọ láti sọ.

Kí ẹ tó ra ìwé kan tàbí kí ẹ tó yá a, ẹ ṣí inú rẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń ka The Snowman, tí Raymond Briggs ṣe ní ọdún 1978, mọ́ ìwé Kérésìmesì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí Kérésìmesì nínú rẹ̀: ọmọkùnrin kan fi òjò dídì mọ ènìyàn, ẹni náà di alààyè ní òru, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, ó ti yọ́. Fíìmù tí wọ́n fi ìwé náà ṣe ní ọdún 1982 ni ó mú Bàbá Kérésì wọ inú ìtàn náà. Ìwé tí ó dára gan-an ni, ṣùgbọ́n ìdílé tí ń wá ìtàn ìbí Jésù kò ní bá a níbẹ̀. Peter Spier's Christmas!, tí ó jáde ní ọdún 1983, ń fi ìdílé kan hàn láti ìgbà ìpalẹ̀mọ́ ọdún títí di ìgbà tí wọ́n ń tún ilé ṣe lẹ́yìn ọdún, ohun kéékèèké tí ó sì wà nínú àwọn àwòrán rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ kékeré fi lè dúró lórí ẹyọ kan fún ìgbà pípẹ́. A Small Miracle tí Peter Collington ṣe ní ọdún 1997 yàtọ̀. Ìyá arúgbó tálákà kan ta àkọ́díọ́nì rẹ̀, olè gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ère ìbí Jésù tí ó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni ó sì dìde wá ràn án lọ́wọ́. Ọmọ tí ó ti dàgbà díẹ̀, tí ó lè fara da ìbànújẹ́ inú ìtàn, ni mo máa ń rò ó fún.

Bí ìwé náà bá dá lórí ìbí Jésù, ẹ ka orí kejì Ìhìnrere Lúùkù àti orí kejì Ìhìnrere Mátíù fún ọmọ ní ọjọ́ bíi mélòó kan ṣáájú. Ọ̀dọ̀ Lúùkù ni àwọn olùṣọ́-àgùntàn wà, ọ̀dọ̀ Mátíù ni àwọn amòye láti ìlà-oòrùn wà, Mátíù kò sì sọ iye wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mẹ́ta ni àwọn ayàwòrán sábà máa ń yà. Ọmọ tí kò gbọ́ ìtàn náà rí yóò rí ọmọ ọwọ́ nínú ibùjẹ ẹran, kò sì ní mọ ìdí tí gbogbo ènìyàn fi ń kúnlẹ̀.

Ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ wo ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ ṣọ́ ohun tí ayàwòrán fi pamọ́ sí igun kan ní ìbẹ̀rẹ̀, tí yóò tún yọjú níwájú. Ọmọ ni kí ó rí i, ẹ má fi hàn án.

Nígbà tí ẹ bá jókòó pẹ̀lú ọmọ, ẹ jẹ́ kí ó fúnra rẹ̀ máa ṣí ojú ìwé, kí ẹ sì dákẹ́ ní ìgbà àkọ́kọ́. Ìdákẹ́jẹ́ yìí le fún òbí, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni ọmọ ti ń ronú. Ní ìgbà kejì, ìbéèrè méjì péré ti tó: “Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ níhìn-ín?” àti “Kí ni o rí tí o fi sọ bẹ́ẹ̀?” Èyí èkejì ni ó ṣe pàtàkì jù, nítorí pé ó ń dá ojú ọmọ padà sórí àwòrán. Bí ó bá sọ pé inú ń bí Jósẹ́fù, ẹ má yára sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ bi í léèrè ohun tí ó rí ní ojú Jósẹ́fù, ó sì lè fúnra rẹ̀ sọ pé bóyá ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ má sọ ọ́ di ìdánwò pẹ̀lú “Àgùntàn mélòó ni ó wà níbí?”

Àárín àwòrán kan sí èkejì ni ìtàn pọ̀ sí jù. Màríà àti Jósẹ́fù wà lójú ọ̀nà ní ojú ìwé kan. Ní èyí tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n ti wà nínú ilé ẹran. Ta ni ó júwe ibẹ̀ fún wọn? Kí ni wọ́n sọ fún ẹni náà? Ẹ dúró níbẹ̀ kí ọmọ sọ ọ́.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì kò nílò ju pé kí ẹ jọ máa pe orúkọ ohun tí ó bá nawọ́ sí. Ọmọ tí ó ti mọ̀wé kà lè máa sọ ìtàn náà fún àbúrò rẹ̀, tàbí kí olúkúlùkù nínú ilé mú ẹnì kan nínú ìwé kí ó sì máa sọ̀rọ̀ bí ẹni náà. Ìyá àgbà tí kò kàwé àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí kò tíì mọ̀wé kà dọ́gba níwájú ìwé yìí, nítorí náà ẹ gbé e fún wọn, kí ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀.

Ẹ kọ ìtàn tí ọmọ sọ sínú ìwé pélébé kan gẹ́gẹ́ bí ó ṣe sọ ọ́ gan-an, kí ẹ má tún èdè rẹ̀ ṣe, kí ẹ kọ ọjọ́ àti ọjọ́ orí rẹ̀ sí i, kí ẹ sì fi sí ẹ̀yìn ìwé náà. Bí Kérésìmesì bá tún dé, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ sọ ìtàn tuntun kí ẹ tó mú ti àtijọ́ jáde, nítorí pé bí ó bá gbọ́ ti àtijọ́ ṣáájú, òun ni yóò kàn máa tún sọ.